Nígbà tí ọ̀la kò dájú: Ohun tí oníṣòwò Lomé fi ń la ìgbà líle já

Bí ìlú bá fẹ́ gbóná, ọjà ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kí rédíò tó gbé e, kí ìjọba tó fọhùn, ẹni tó ń ta tòmátì ti rí i pé àwọn oníbàárà ń yára rìn, pé ẹni tó máa ń ra gàrí kóńgò méjì ti ń ra márùn-ún, pé àwọn tó ń kó ọjà fúnni kò fẹ́ fúnni láwìn mọ́. Ní Lomé, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Togo, àwọn oníṣòwò ti rí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé wọ́n mọ àmì rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe mọ ojú òjò.

Ọ̀rọ̀ Lomé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wa. Àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá, àdúgbò kan sì wà láàárín ìlú náà títí di òní tó ń jẹ́ Anagokomé, ìyẹn àdúgbò àwọn Ànàgó lédè Ewe. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìròyìn yìí ló ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí oníbàárà níbẹ̀.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 tí Faure Gnassingbé ti gba ipò tuntun tí òfin ọdún 2024 dá sílẹ̀, ìyẹn Ààrẹ Ìgbìmọ̀ àwọn Mínísítà, ọ̀rọ̀ òṣèlú ti tún gbóná ní Togo. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ jáde sí ìgboro Lomé. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn oníṣòwò nígbà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: ṣé kí n ṣí ìsọ̀ lọ́la? Ṣé kí n kó ọjà wọlé, àbí kí n di owó mú? Ta ni mo lè gbẹ́kẹ̀ lé? Ìlú náà ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí rí, ìdáhùn rẹ̀ sì lè wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń tajà ní Cotonou, ní Ṣakí tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án tí nǹkan dúró

Ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 1992, ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò bẹ̀rẹ̀ ní Togo. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ alátakò ń fẹ́ kí ètò ìjọba tiwa-n-tiwa fìdí múlẹ̀, nítorí pé Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti wà lórí oyè láti ọdún 1967. Ìyanṣẹ́lódì náà kò parí títí ó fi kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń jẹ owó oṣù kò rí owó gbà, ẹni tó ń tajà fún un kò sì rí ẹni tà fún.

Ní ọjọ́ 25, oṣù kìíní, ọdún 1993, àwọn agbófinró yìnbọn lu àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní Lomé, ènìyàn sì kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ṣọ́jà tún ya wọ ìgboro. Ìgbà yẹn ni ìlú tú. Ó lé ní 200,000 ènìyàn tó ré kọjá bọ́dà lọ sí Ghana àti Benin.

Ẹni tó bá mọ Lomé mọ̀ pé ìlú náà fara ti bọ́dà. Láti àdúgbò Kodjoviakopé, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn dé Aflao ní ilẹ̀ Ghana. Èdè Ewe kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìhà méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá lọ kò fi sùn ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ilé ìbátan ni wọ́n wọ̀, ilé ọ̀rẹ́, ilé ẹni tí wọ́n ti bá da òwò pọ̀ rí.

Nígbà tí Eyadéma kú ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2005, tí wàhálà ìbò sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin, ọ̀nà kan náà ni àwọn ènìyàn tún gbà. Àwọn aṣèwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá sọ pé àwọn tó kú tó 400 sí 500. Bí 40,000 ènìyàn ló sá lọ sí Benin àti Ghana.

Ohun tí èyí kọ́ni ni pé àjọṣe tí ènìyàn ti ní kí wàhálà tó dé ló máa ń rí lò nígbà tí wàhálà bá dé. Ẹni tí kì í bẹ ìbátan rẹ̀ wò, tí kì í lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, lè rò pé owó lòun ń dá sí. Lọ́jọ́ tí ìlú bá tú, á rí i pé ilé tí òun ìbá sá wọ̀ ni òun kò kọ́.

Òru kan tí owó sọ ìdajì agbára rẹ̀ nù

Ọdún kan lẹ́yìn ìbọn ọdún 1993, nǹkan mìíràn dé tí kò pariwo bí ìbọn. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná owó sẹ́fà pàdé ní Dakar. Láti ọdún 1960 ni 50 sẹ́fà ti ń ra fáráǹsì Faransé kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, 100 sẹ́fà ni wọ́n fi ń rà á.

Owó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò dín ní kíkà. Ẹni tó ní 100,000 lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì ní 100,000 láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tó bá ti òkè òkun wá ti di ìlọ́po méjì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ní Lomé ni àwọn ìyá oníṣòwò àǹkárá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz. Àwọn ló ń gba àǹkárá Holland láti ilé iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n ń tà á dé Nàìjíríà, Côte d'Ivoire àti Congo. Ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn ló fún wọn lórúkọ náà. Ìgbà kan wà tí ìjọba Togo pàápàá ń yá ọkọ̀ wọn láti fi gbé àwọn àlejò pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká wo oníṣòwò mẹ́ta lóru yẹn. Ẹni tó di owó mú lásán pàdánù ìdajì ohun tí owó rẹ̀ lè rà lókè òkun. Ẹni tó ní aṣọ nínú ìsọ̀, tó ti san owó rẹ̀ tán, rí i pé aṣọ náà gbówó lórí. Ẹni tó sì jẹ gbèsè owó òkè òkun rí i pé gbèsè náà ti di ìlọ́po méjì nígbà tí òun ń sùn. Ọjà kan náà ni wọ́n wà, òfin kan náà ló dé bá wọn, ṣùgbọ́n ibi tí kálukú fi ohun ìní rẹ̀ sí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí gbogbo ohun ìní ẹni gba ọ̀nà kan ṣoṣo: kí díẹ̀ wà ní owó, kí díẹ̀ wà ní ọjà, kí díẹ̀ wà ní ilẹ̀ tàbí nǹkan ọ̀sìn, kí gbèsè owó àjèjì má sì pọ̀ ju agbára lọ.

Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin tó kéré sí Nana Benz lọ́jọ́ orí gba ọ̀nà China. Àǹkárá olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń kó wá, nítorí pé àpò oníbàárà ti fẹ́lẹ́. Nanette ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kò dúró kí ìgbà àtijọ́ padà dé kí wọ́n tó tajà.

Iná Assigamé

Ní òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2013, ọjà ńlá Lomé tí wọ́n ń pè ní Assigamé jóná. Ilé alájà tí àwọn oníṣòwò aṣọ kún inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọjà Kara ní apá àríwá Togo ti jó. Owó jó pẹ̀lú ọjà, nítorí pé inú ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń fi owó pamọ́ sí. Àwọn tó ti bá ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣe àdéhùn kò pọ̀.

Kí eérú tó tutù ni ẹ̀sùn ti ń fò kiri. Ìjọba mú àwọn alátakò, àwọn alátakò ní ọwọ́ àwọn mọ́, pé kí wọ́n wá ẹni tó ṣe é lọ síbòmíràn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ jó kò lè dúró kí ẹjọ́ náà parí. Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Àwọn oníṣòwò tẹ́ tábìlì sí òpópónà tó yí ọjà ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Níbo ni wọ́n ti rí ọjà tí wọ́n tẹ́? Ẹni tó bá mọ òwò mọ ìdáhùn: àwìn ni. Ẹni tó ti ń san owó ọjà rẹ̀ déédéé fún ọdún mẹ́wàá lè lọ bá ẹni tó ń kó ọjà fún un, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ti jó, ẹ fún mi ní díẹ̀ kí n fi bẹ̀rẹ̀." Ẹni tó sì ti ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la kò lè lanu sọ ọ́. Iná kò lè jó ìwà tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ni. Síbẹ̀, ìwà nìkan kò tó. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Assigamé tó ṣì ń kó owó ọdún kan pa mọ́ sínú ìsọ̀ kò tíì gbọ́ ọ délẹ̀.

Bí àhesọ ṣe ń bí ara rẹ̀

Nígbà tí ọ̀la kò bá dájú, etí ènìyàn máa ń là sí i. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Gordon Allport àti Leo Postman, kọ ìwé lórí àhesọ lọ́dún 1947, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Wọ́n ní nǹkan méjì ló ń bí àhesọ: kí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ, kí òótọ́ ibẹ̀ má sì hàn kedere. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, àhesọ kò lè rìn jìnnà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àhesọ lórí ohun tí kò kàn án, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe àhesọ lórí ohun tí gbogbo ojú rí.

Ọjà ní méjèèjì nígbà wàhálà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù. Ní Lomé, wọ́n ń ta epo tó ti Nàìjíríà wá sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, boudè ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, oníṣòwò tó wà ní Togo kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ Abuja kò kan òun. Owó ọ̀kadà zémidjan tó ń gbé e lọ sọ́jà wà nínú rẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á ní epo ti tán, ẹlòmíràn á ní wọ́n fẹ́ ti bọ́dà. Ẹni tí kò nílò epo á sáré lọ rà á, epo á sì wọ́n lóòótọ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ti sáré. Bí irọ́ ṣe ń di òótọ́ nínú ọjà nìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí ìwọ́de ńlá ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Togo gé íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe náà kò bófin mu. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ Allport àti Postman wò ó, gígé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè pa àhesọ, nítorí ṣe ló mú kí òótọ́ túbọ̀ ṣòro láti rí. Òwò náà sì jìyà. Ẹni tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ló ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ di odi. Ẹni tó kọ nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ìwé, tó sì lè pè wọ́n lórí fóònù lásán, ṣì rí ohùn wọn gbọ́.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dé etí yín, ẹ bi ẹni tó mú un wá: ta ló fojú rí i? Ọjọ́ wo? Ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Bí kò bá rí ìkíní dáhùn, ẹ dúró ná.

Ọkàn tó ń wá ohun tí yóò dì mú

Ènìyàn kì í fi owó àti òye nìkan la ìgbà líle já. Bronisław Malinowski, onímọ̀ àṣà tí wọ́n bí ní Poland, gbé láàárín àwọn apẹja erékùṣù Trobriand lásìkò ogun àgbáyé kìíní. Ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń pẹja nínú ọ̀sà tó pa rọ́rọ́, wọn kì í ṣe ètùtù kankan. Bí wọ́n bá ń lọ sí agbami òkun, níbi tí ìjì ti lè gbé wọn lọ, ètùtù pọ̀. Bí ewu bá ṣe pọ̀ tó ni ọkàn ṣe ń wá ohun tí yóò dì mú tó.

Ní Lomé, ọjà Akodessewa tí wọ́n ti ń ta egbò, awọ àti orí ẹranko fún oògùn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tó ń kún. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àdúrà àti ètò ìsìn ń kó àwọn ènìyàn jọ, ẹni tó bá sì wà láàárín ẹlòmíràn kì í tètè sọ̀rètí nù. Ewu ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wá. Ìgbà tí nǹkan le ni àwọn tó ń ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po láàárín oṣù kan máa ń pọ̀ jù. Bí ẹnì kan bá ń ta ìdánilójú fún yín nígbà tí ohunkóhun kò dájú, ẹ di àpò yín mú.

Káàdì ìdìbò, Novissi àti àjọ

Lọ́dún 2020, àrùn Kòrónà dé. Togo ti bọ́dà, ó sì kéde kónílé-ó-gbélé lálẹ́. Àwọn bọ́dà ilẹ̀ kò ṣí padà bó ṣe yẹ títí di ọdún 2022. Ṣáájú ìgbà yẹn, Nàìjíríà ti ti bọ́dà tirẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Oníṣòwò tó ń ná Lomé sí Èkó rí ilẹ̀kùn méjì tì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba Togo gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Novissi. Orí fóònù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, orí fóònù náà ni owó ti ń wọlé. Ní Lomé, 12,250 sẹ́fà lóṣù ni fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n sì ń pín in san. Ó yára, kò gba kí ènìyàn tò sórí ìlà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì wò ó bí àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n káàdì ìdìbò Togo ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀. Àjèjì oníṣòwò tí kò ní káàdì ìdìbò, bó tilẹ̀ ti pẹ́ ní Lomé, kò sí lórí ìwé.

Irú ibi báyìí ni àjọ àti èsúsú ti ń wúlò. Kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún 1952 ni William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ̀rọ̀ lórí èsúsú Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìyáwó. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí di òní. Togo ń pè é ní tontine. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n àjọ pàápàá ní àléébù nígbà wàhálà: gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àjọ tí yóò dúró ni èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ilé ara wọn, tí wọ́n sì ti jọ pinnu nígbà tí ara rọ̀ ohun tí wọn yóò ṣe bí ara bá le: ta ni yóò kọ́kọ́ gbà bí àìsàn bá dé, báwo ni ẹni tí kò lè dá tirẹ̀ lóṣù méjì yóò ṣe san án padà.

Ẹ̀rù tó ń wá ẹni tí yóò dì í rù

Ohun kan kù tó burú ju ọ̀wọ́n gógó lọ. Bí ẹ̀rù bá ba ìlú pẹ́, ìlú á wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, àjèjì ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ rí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ṣakí lọ, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà ilé. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, ẹ̀yìn wọn ló kù sí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan àwa náà. Ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana tó kó ẹrù sínú báàgì tí a ṣì ń pè ní Ghana-Must-Go. Bọ́dà Ghana wà ní títì nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn sì há sí Benin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ọ̀nà tó là láti kọjá ní Togo. Ọrọ̀ ajé Ghana kò dìde nítorí pé Yorùbá lọ, ti Nàìjíríà kò sì dìde nítorí pé ọmọ Ghana lọ.

Àwa tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí a sì ti ṣe é sí ẹlòmíràn, ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ọjà pé àwọn báyìí báyìí ló mú kí nǹkan wọ́n, kí ẹnì kan nínú wa bi wọ́n bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ní ènìyàn ní Lomé, ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n bóyá ìwé ìgbélùú wọn kò tíì parí àkókò, bóyá wọ́n mọ ilé ẹni tí wọ́n lè sá lọ ní Aflao tàbí Cotonou, bóyá owó wọn ti kúrò nínú ìsọ̀. Ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, kí ó má jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà.